Owú Tí Mo Jẹ Nítorí Kókó Ara Igi Óákù

Ní ọdún tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ ní kó máa rìn láràárọ̀. Ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń gbé aláìsàn dìde, tó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn náà wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ellenwood là ń gbé, nínú ẹ̀sítéètì kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n igbó kékeré kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé wa tí àwọn kọ́lékọ́lé ò tíì dé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba inú rẹ̀ lọ sí etí odò. Ibẹ̀ ló ń rìn. Igi óákù ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé kí a tó dé Amẹ́ríkà, ẹnu tíṣà ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Èmi ò tíì fẹ̀yìn tì. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú, mo ń tọ́jú àwọn tí mímí ṣòro fún. Wákàtí méjìlá méjìlá ni shift wa, bí mo bá sì ti délé, ohun tí mo máa ń fẹ́ ò ju kí n jókòó lọ.

Mo jókòó bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, mò ń wo bọ́ọ̀lù, nígbà tó ti inú igbó dé. Ẹ̀ka igi kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà, ó rí roboto, ó tó bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì, ó funfun, irun rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sì wà káàkiri ara rẹ̀.

"Dádì, ẹ wo nǹkan tí mo rí. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Mi ò yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Jù ú nù jàre, kí nǹkan inú ẹ̀ má lọ ta ẹ́."

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba kíṣìnì lọ. Mo gbọ́ tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé ó ti jù ú nù.

Kò jù ú nù. Ike oúnjẹ kan ló tọ́jú ẹ̀ sí, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ìjọ wa ò tóbi, ilé tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ la ń lò, gbogbo wa la mọra. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tíṣà. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa ẹranko àti ewéko fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un wá síbí lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wa pọ̀ yóò ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ikùn mi ti yọ, tirẹ̀ ò yọ. Orí mi ti pá, irun tirẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ó funfun báláú. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dá a lójú pé wọn yóò dákẹ́ gbọ́ òun.

Níbi tí a ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ìsìn ni ìyàwó mi ti ṣí ike náà hàn án. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀ka igi náà sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Sístà, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Lẹ́yìn ilé wa ni, sà. Ṣé èso ni àbí òdòdó?"

"Kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ilé ni." Ó fi èékánná ya irun funfun náà sọ́tọ̀, ó fi àwọn hóró kéékèèké hàn án nínú rẹ̀. "Agbọ́n kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, kì í ta ènìyàn. Ó máa ń yé ẹyin sára igi óákù nígbà tí igi bá fẹ́ rú ewé. Bí ẹyin bá ti pa, ìdin inú rẹ̀ á mú kí ara igi wú. Igi yẹn ni yóò fi ara rẹ̀ kọ́lé fún ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ni yóò sì máa bọ́ ọ títí yóò fi fò lọ."

"Ṣé igi náà mọ̀?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn."

Mo dúró tì wọ́n, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Mo rí ojú ìyàwó mi. Ojú tó máa ń là báyìí wà láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò lè rántí ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Ohun tó dùn mí ni pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó padà wá, kì í sì í ṣe èmi ló ń wò. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, pé oòrùn ti mú jù.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Ìyàwó mi á ya àwòrán nínú igbó, á fi ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ á dún lórí tábìlì oúnjẹ, á sì fi ṣíbí sílẹ̀ láti kà á. Ó ra ìwé kan tó ń kọ nǹkan sí. Ó gba gbogbo páálí ẹyin ilé wa, ó to kókó igi sínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò tirẹ̀. Kókó ni òun àti Tíṣà fohùn ṣọ̀kan láti máa pè é, nítorí wọn ò mọ orúkọ tí Yorùbá ń pè é. Bí mo bá wọ kíṣìnì láti bu omi mu, á máa ṣàlàyé fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní kí ènìyàn tó mọ irú kókó tó jẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú óákù tó wà lára rẹ̀, torí agbọ́n kì í ṣi ilé yà. Óákù kan wà tí etí ewé rẹ̀ rí roboto bí ìka ọmọdé, òmíràn wà tó jẹ́ pé ṣóńṣó ni orí ewé rẹ̀, tó ní irun lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ibi tó wà, bóyá ojú ewé ni tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí ara ẹ̀ka. Bí kò bá tíì dá wọn lójú, wọn á fi ọ̀bẹ là á, wọn á ka iye yàrá tó wà nínú rẹ̀.

"Tíṣà ní àwọn kan wà tí kókó wọn máa ń sun omi dídùn," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Àwọn èèrà á wá lá a, wọn á sì máa ṣọ́ ilé náà kí ọ̀tá má wọ̀ ọ́."

"Tíṣà ní," mo dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sọ ọ́." Kò gbọ́ nǹkan tó wà nínú ohùn mi. Ìyẹn gan-an tún dùn mí.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé. Tíṣà á wakọ̀ láti Hampton, níbi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, á gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé wa, á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí mo bá wà nílé. Ó máa ń dé fìlà oòrùn. Wọ́n á wọ inú igbó ní agogo mẹ́jọ, wọn ò ní jáde kí agogo mọ́kànlá tó lù. Àwọn tó ń gbé ládùúgbò ń kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ajá wọn, kì í ṣe ibi ìkọ̀kọ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo máa ń wò wọ́n láti fèrèsé òkè títí aṣọ ìyàwó mi yóò fi wọ àárín ewé lọ.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, obìnrin ni wọ́n máa ń pè ní òjòwú. Bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà tí kò lóǹkà, ìyá mi ló máa ń bá wí nígbà mìíràn, ìyàwó kejì nígbà mìíràn. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan yìí wọ inú mi, mi ò ní orúkọ tí mo lè pè é. Mo ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo ní àgbà ló ń dé. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, èmi ò tiẹ̀ fọn rárá, ńṣe ni mo ń sanra sí i.

Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó mi wà nílé ìwẹ̀, mo gbé fóònù rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ wa ló fi ń ṣí i. Mo ka ohun tí òun àti Tíṣà kọ síra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwòrán kókó ni, àti ewé, àti ẹ̀ka. "Ẹ kú iṣẹ́, Sístà." "Ẹ ṣeun, sà." "Ẹ tún un là, ẹ wò ó bóyá yàrá rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ." Mo ti fẹ́ gbé e sílẹ̀ nígbà tí mo rí ọ̀kan tí Tíṣà kọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn: "Sístà, mi ò rí ẹni tó ní ojú bíi tiyín rí."

Mo kà á tó ìgbà mẹ́ta. Omi ṣì ń dún nílé ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀lé mi lọ síbi iṣẹ́. Mo ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ mímí aláìsàn, mo ń gbọ́ ọ. Ojú bíi tiyín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, mi ò rántí pé mo sọ nǹkan kan fún un nípa ojú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, àyàfi pé kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ dókítà.

Mo pinnu pé èmi náà á kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ kókó igi ló ń mú ojú rẹ̀ là, mo lè wá kókó igi. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, mo máa ń wo àwòrán wọn lórí fóònù mi níbi tí a ti ń jẹun. Igi ńlá kan wà níbi tí a ń gbé mọ́tò sí nílé ìwòsàn, mo sì rí àwọn nǹkan roboto tó so rọ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n dà bí àwòrán kan tí mo ti rí. Mo fò sókè, mo já ọ̀kan, èmi tí mo jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Mo fi tíṣù wé e bí ẹyin. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sí iwájú ìyàwó mi lórí tábìlì.

"Kókó ni," mo ní. "Irú èyí tí ìdin inú rẹ̀ máa ń dá wà láàárín."

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó gbé e, ó yí i. "Dádì, báwo ni ewé igi yẹn ṣe rí?"

Mi ò wo ewé. Mi ò tiẹ̀ rántí pé igi ní ewé.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì túká mọ́ ọn lọ́wọ́, irúgbìn tó ní irun fò káàkiri orí tábìlì, díẹ̀ bọ́ sínú ọbẹ̀ mi. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. "Èso igi ni o. Igi náà kì í tiẹ̀ ṣe óákù."

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó ti gbé fóònù, ó ti ya àwòrán ìdọ̀tí orí tábìlì yẹn, ó ti fi ránṣẹ́ sí Tíṣà. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún, ó sì kà á sí mi létí gẹ́gẹ́ bí ohun tó dára: "Ẹ bá mi kí Dádì. Wọ́n gbìyànjú."

Mo dìde, mo da ọbẹ̀ náà nù.

Nínú oṣù kẹjọ, ní Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ìyàwó mi níwájú dígí, ó ń fi ìpara pa ọrùn. Ibi pupa pupa wà lọ́rùn rẹ̀ láti abẹ́ etí títí dé èjìká.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́rùn?"

"Kòkòrò ni. Tíṣà ní àwọn kan wà tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí wọn, ìdin inú kókó ewé ni wọ́n ń jẹ, wọ́n máa ń jábọ́ síni lára. Òun ló fún mi ní ìpara yìí."

"Òun ló fún ọ."

"Ó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀. Ó ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí, èmi náà ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, kọ́bọ́ọ̀dù wa kún fún ìpara. Mo wo ọrùn tí mo mọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo sì ń ro ohun tí ojú ń tì mí láti kọ sílẹ̀.

Mọ́ńdè ni ìsinmi mi. Mo sọ fún un pé mò ń lọ pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò, mo sì wakọ̀ lọ sí Hampton. Mo bá Tíṣà nínú gáréèjì ọmọ rẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó jókòó lórí àga oníke, ó ń kan ẹsẹ̀ tábìlì kékeré kan. Ó dìde láti kí mi, ó fẹ́ wọlé lọ gbé omi wá.

"Ẹ má ṣèyọnu," mo ní. "Mi ò ní jókòó. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jìnnà sí ìyàwó mi."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́, kò bínú, bó bá tiẹ̀ bínú ni ì bá sàn. "Ṣé Sístà fẹjọ́ mi sùn ni?"

"Rárá. Èmi ni mo ń sọ ọ́."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ wá?"

Mo yíjú sí ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá fúnra yín. Ẹlòmíràn ì bá gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ." Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀, ó bá mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó pa àdéhùn rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Ìyàwó mi múra, ó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan, ó ń wo ojú títì. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án, ó dá lọ. Ó fi àwòrán ránṣẹ́, kò rí èsì. Ó ní bóyá ara Tíṣà ò yá. Mo ní bóyá.

Mo ti rò pé bí Tíṣà bá lọ, owú á lọ. Kò lọ. Níṣe ló yí ibùjókòó padà. Nígbà tí fóònù ń dún, mò ń jowú bó ṣe ń dún. Nígbà tí kò dún mọ́, mo wá ń jowú bí ìyàwó mi ṣe ń retí pé kó dún. Bí ó bá ń gé ẹ̀fọ́, á dúró, á yíjú sí orí tábìlì níbi tí fóònù wà. Kò sẹ́ni tó retí mi bẹ́ẹ̀ rí, tàbí bóyá ó ti retí mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan, tí mo ń wo bọ́ọ̀lù.

Sọ́ńdè kejì ló bi Tíṣà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Tíṣà tẹ orí ba díẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi wakọ̀ délé. Nínú gáréèjì, kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní:

"Mo bi Tíṣà ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n bi ọkọ mi."

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa fóònù tí mo yẹ̀ wò, mo sọ nípa ìpara. Kò pariwo. Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ bó ṣe rí láti fẹ̀yìn tì?" ó ní. "Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń pè mí tẹ́lẹ̀. Yàrá kẹrin ń pè, yàrá kẹsàn-án ń pè. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Mo wá rí nǹkan kan tó kéré báyìí tó ń mú mi jí láàárọ̀. Mo mú un wá fún yín. Ẹ ní kí n jù ú nù."

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì."

"Ẹ ò bèèrè." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni kò bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ lọ. Oúnjẹ mi ń wà lórí tábìlì ní àsìkò rẹ̀, ó gbóná, ó sì dùn. Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Buford pè mí níbi iṣẹ́. Amẹ́ríkà la bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì, is it true? Mọ́mì ní ẹ ń jẹ òwú."

Òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ ló pè é.

"Owú," mo ní. "Owú ni mò ń jẹ."

"Ehn, òwú. At your age? Dádì, ẹ lọ bẹ Uncle yẹn. Please. Mọ́mì ti kó gbogbo egg cartons yẹn lọ sí gáréèjì."

Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo délé, mo lọ wò ó. Wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdọ̀tí, ó to wọn léra bí ẹrù ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé. Mo ṣí ọ̀kan. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ti fi ìwé péńpé sí abẹ́ kókó, ó kọ ọjọ́ tó rí i, irú óákù tó wà lára rẹ̀, àti ibi tó wà lára igi. Ọwọ́ ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì ni, ó mọ́ tónítóní. Ní abẹ́ àwọn kan, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Mo dúró síbẹ̀ mo ka gbogbo páálí náà, mi ò sì mọ̀ pé obìnrin tí mo ń gbé pẹ̀lú ti mọ nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sí Hampton ní Sátidé. Mi ò rántí pé ìdíje ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà. Pápá tí wọ́n ti ń sáré ọkọ̀ ò jìnnà sí ilé ọmọ Tíṣà, bí mo sì ti sọ̀kalẹ̀ ni ariwo gba gbogbo afẹ́fẹ́, bí ìgbà tí oyin ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún bá ya lulẹ̀. Tíṣà ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú," mo ní.

Ó fi ọwọ́ sí etí. "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò gbọ́."

Mo fi gbogbo agbára mi lọgun. "Mo jowú ni! Mo ṣì yín mú, ẹ foríjì mí!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú síbí ìrokà lọ́wọ́. Aládùúgbò wọn kan tó ń gé koríko dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá. Tíṣà fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nínú ilé, ariwo náà dínkù.

A jókòó. Ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó fi wá sílẹ̀. Tíṣà ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," ó ní. "Inú mi máa ń dùn bí Sátidé bá ń bọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ẹni tó ń bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Ọmọ mi ń tọ́jú mi, nípa oògùn mi ló máa ń bi mí. Ìyàwó yín ń bi mí ní ìbéèrè. Mi ò ṣe nǹkan kan tí mi ò lè ṣe níwájú yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní inú mi dùn, òótọ́ ni."

Ó ṣòro fún mi láti gbọ́. Bóyá ì bá ti rọ̀ mí lọ́rùn bó bá parọ́. Mo ní kó padà wá.

"Ṣé ẹ̀yin náà á bá wa lọ?"

Mo ní bí mo bá ti wà ní off.

Mo lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá. Èmi ni mo gbé àga tí wọ́n ń ká àti omi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí láti fèrèsé òkè. Tíṣà ò rí ohun tó kéré dáadáa mọ́. Ó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí kókó kún ara rẹ̀ láìmọ̀, ìyàwó mi á pè é padà, á gbé ewé náà sí ọwọ́ rẹ̀, á sì dúró kó fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ó kọsẹ̀ lára gbòǹgbò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo dì í mú. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo kà nínú fóònù, ọ̀rọ̀ nípa ojú, mo sì dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́ jáde fún un rí.

Lẹ́yìn ewé kan ní ẹ̀bá odò, ìyàwó mi rí kókó kékeré kan tó ní ẹ̀gún pupa wínníwínní bí ìgbín tó hu irun. Àwọn méjèèjì tẹrí ba lé e lórí, irun funfun Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gèlè ìyàwó mi. Wọ́n ń jiyàn. Tíṣà ní ewé kan ṣoṣo ò tó láti fi mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi ní òun ti rí méjì lára igi yìí kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dá òun lójú. Ó ń bá a jiyàn láìbẹ̀rù. Mi ò rántí ohun tí èmi àti rẹ̀ jiyàn lé lórí gbẹ̀yìn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Owú náà tún gún mi níbẹ̀, lábẹ́ igi, níṣojú wọn, èmi tí mo ti tọrọ àforíjì.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé àga sún mọ́ wọn, mo ṣí i, mo jókòó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà wò ó. Ìyàwó mi fi awò lé mi lọ́wọ́, ó ń bá mi tọ́ ọ sọ́nà pẹ̀lú ìka rẹ̀. Mo rí ẹ̀gún pupa náà. Mo rí ihò kan tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Ihò wà lára ẹ̀," mo ní.

"Ọmọ inú ẹ̀ ti jáde nìyẹn," ìyàwó mi ní. Ó gba ewé náà lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì wá ohun tí yóò fi wé e.

Mi ò tíì gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kókó. Mo ṣì máa ń gbé ohun tí kì í ṣe kókó wálé, nígbà kan, amọ̀ tí agbọ́n lásán fi kọ́lé sára ògiri ni mo gbé. Ìyàwó mi ti kó páálí ẹyin padà sí kíṣìnì, mo sì ti kan pákó kan mọ́ ògiri fún un láti tò wọ́n sí. Mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kó fún mi ní Sátidé méjì lóṣù. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní mo fẹ́ máa bá ìyàwó mi wo igi. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ó fọwọ́ sí i.

Bí fóònù bá dún nígbà tí a ń jẹun, ara mi ṣì máa ń le díẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀. Á tì í sí ọ̀dọ̀ mi lórí tábìlì, á ní kí n ka ohun tí Tíṣà wí sí òun létí, pé ọwọ́ òun wà nínú ọbẹ̀. Mo sì máa ń kà á.